Ohun Tí A Fi Ń Mú Egungun Hù Padà Nídìí Eyín: Ìfiwéra PRF, EMD, PDGF, FGF-2 àti BMP-2

Bí dókítà eyín bá sọ pé òun fẹ́ fi èròjà ìdàgbàsókè mú egungun hù padà nídìí eyín yín, ẹ bi í pé èwo. Ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà lápá yín (PRF). Ó lè jẹ́ jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n yọ lára eyín ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ (EMD). Ó sì lè jẹ́ purotéènì tí wọ́n fi ìwúkàrà, bakitéríà tàbí sẹ́ẹ̀lì ẹranko ṣe ní ilé-iṣẹ́ (PDGF, FGF-2, BMP-2). Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́ lẹ́nu èèyàn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kì í ṣe ọ̀kan, ibi tó bá ọ̀kan mu sì lè jẹ́ ibi tí èkejì ti máa ba nǹkan jẹ́.

Egungun tó gbé eyín ró kì í ṣàdédé jẹ. Inú ìdọ̀tí tó dì mọ́ gbòǹgbò ni kòkòrò ń sá pamọ́ sí, ara ń bá a jà, ìjà náà ló sì ń jẹ egungun lọ. Bí a bá fọ gbòǹgbò mọ́, erìgì á san, ẹ̀jẹ̀ á dá, àmọ́ egungun tó ti lọ kì í sábà padà. Sẹ́ẹ̀lì awọ erìgì ló fà á. Ó yára ju gbogbo àwọn yòókù lọ: bí ọgbẹ́ bá wà, òun ló máa kọ́kọ́ rá wọ inú àlàfo, tí á sì tẹ́ awọ sójú gbòǹgbò kí sẹ́ẹ̀lì egungun tó dé. A. H. Melcher, olùwádìí nípa ìdí eyín, ló là á sílẹ̀ ní 1976 pé sẹ́ẹ̀lì tó bá kọ́kọ́ gba ojú gbòǹgbò ló máa pinnu irú ìwòsàn tí a ó rí.

Èròjà ìdàgbàsókè jẹ́ purotéènì kékeré tó ń ránṣẹ́ sí sẹ́ẹ̀lì. PDGF ń pè wọ́n wá, ó sì ń mú kí wọ́n pọ̀ sí i. VEGF ń mú iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun yọ. FGF-2 ń ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ àwọn méjèèjì. BMP-2 ní tirẹ̀ ń sọ sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì mọ ohun tí yóò dà di akọ́lé egungun. Ìdí nìyí tí ìbéèrè pé “èwo ló lágbára jù?” fi máa ń ṣini lọ́nà. Eyín tó ṣì wà lẹ́nu nílò nǹkan mẹ́ta: egungun, okùn tín-ín-rín tó so gbòǹgbò mọ́ egungun, àti cementum, èépá líle tí okùn náà fi ń di gbòǹgbò mú. Ojú ihò tí wọ́n ti yọ eyín kúrò, egungun nìkan ló ń fẹ́. Ohun tí ẹ fẹ́ kó hù ni kí ẹ fi yan ohun tí ẹ ó lò.

## Ẹ kọ́kọ́ wo ihò náà

Àlàfo tó ní ògiri egungun mẹ́ta dà bí ife tí gbòǹgbò dì ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú rẹ̀ kò ríbi lọ, sẹ́ẹ̀lì tó máa wá sì ní ibi mẹ́ta tó lè gbà wọlé. Ògiri kan ṣoṣo dà bí àtẹ̀gùn: ohun tí a bá gbé lé e á máa yọ̀ bọ́. Ibi tí egungun ti jẹ lọ geere káàkiri, tí kò ní ihò kankan, kò sí èyí tó máa gbé e dìde nínú márààrún. Ẹni tó bá ṣèlérí bẹ́ẹ̀ ń tajà ni.

Jíjìn rẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Láti mílímítà 3 sókè ni ìlànà ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn erìgì ilẹ̀ Yúróòpù tó jáde ní 2020 ti ní kí a ṣe iṣẹ́ ìmúhù-padà fún ihò inú egungun. Bí ihò bá tún há, tí igun rẹ̀ lójú x-ray kò ju ìwọ̀n 25 lọ, èsì rẹ̀ máa ń dára ju ti èyí tó ṣí gbàgà tó dé ìwọ̀n 37. Ní ti ibi tí gbòǹgbò eyín ẹ̀yìn ti pín sí méjì, bí irin ìwọ̀n bá wọ ibẹ̀ tí kò yọ lódì kejì, iṣẹ́ ṣeé ṣe. Bó bá wọlé níhìn-ín tó yọ lọ́hùn-ún, ìrètí kéré.

| | Ibi tó ti wá | Ohun tó ń mú hù | Ibi tó bá mu | Ohun tí a ó ṣọ́ |
|---|---|---|---|---|
| PRF | ẹ̀jẹ̀ ẹni náà gan-an | ẹran erìgì, ìrànwọ́ fún egungun | ihò eyín yíyọ, ihò ògiri 2 sí 3 pẹ̀lú lúbúlúbú egungun | ìwọ̀n èròjà rẹ̀ yàtọ̀ lára ẹnìkọ̀ọ̀kan |
| EMD | eyín ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ | cementum, okùn ìdí eyín, egungun | ihò tó há tó sì jìn, erìgì tó fà sẹ́yìn | jẹ́ẹ̀lì kò lè gbé erìgì ró |
| rhPDGF-BB (rh: purotéènì èèyàn tí wọ́n ṣe ní ilé-iṣẹ́) | ìwúkàrà | mẹ́tẹ̀ẹ̀ta | ihò tó fẹ̀ díẹ̀, ibi tí gbòǹgbò ti pín | jẹjẹrẹ, oyún |
| rhFGF-2 | bakitéríà | mẹ́tẹ̀ẹ̀ta | ihò inú egungun | jẹjẹrẹ ẹnu |
| rhBMP-2 | sẹ́ẹ̀lì ẹranko tí wọ́n ń sìn ní ilé-iṣẹ́ | egungun nìkan | ibi tí kò ti sí eyín mọ́ | wíwú, kó má kan gbòǹgbò |

## PRF: ẹ̀jẹ̀ ara ẹni

PRP, omi ẹ̀jẹ̀ tí platelet (ègé sẹ́ẹ̀lì tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì) pọ̀ nínú rẹ̀, ló kọ́kọ́ dé. Robert Marx àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e jáde fún egungun párì ní 1998: wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀, wọ́n á fi oògùn tí kò ní jẹ́ kó dì sí i, wọ́n á yí i lẹ́ẹ̀mejì nínú ẹ̀rọ, wọ́n á wá fi calcium àti thrombin màlúù mú kó dì padà. Wàhálà náà pọ̀, bẹ́ẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀ ni púpọ̀ nínú èròjà rẹ̀ ti tú jáde. Ní 2001, Joseph Choukroun ní ilẹ̀ Faransé yọ gbogbo oògùn yẹn kúrò, ìyẹn ló di PRF. Ẹ̀jẹ̀ á dì fúnra rẹ̀ bó ṣe ń yí, platelet àti sẹ́ẹ̀lì funfun á há sínú àwọ̀n fibrin, okùn purotéènì tó ń di ẹ̀jẹ̀ mú, èròjà wọn á sì máa jáde díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Túùbù gíláàsì ni a ń lò, tàbí ti ike tí wọ́n fi silica bo inú rẹ̀, tí kò sì ní oògùn kankan nínú. Mílílítà 9 sí 10 ni ẹ̀jẹ̀ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ti kan ara túùbù ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í dì, nítorí náà kó wọ inú ẹ̀rọ láàárín ìṣẹ́jú kan sí méjì. Ẹni tó ń wá iṣan kiri fún túùbù kẹrin nígbà tí túùbù àkọ́kọ́ ti wà lórí tábìlì yóò rí ìyà rẹ̀: dídì náà á kéré, á rọ̀ jẹ́bẹ́jẹ́bẹ́, ẹ̀jẹ̀ pupa á sì dà pọ̀ mọ́ ọn. Túùbù méjì-méjì ni kí ẹ gbé kọjú síra. Bó bá ṣẹ́ ku ẹyọ kan, ẹ fi omi tí ìwúwo rẹ̀ dọ́gba sí iwájú rẹ̀, torí ẹ̀rọ tó bá ń gbọ̀n ń da ìpele ẹ̀jẹ̀ rú.

Ìlànà irú PRF tó ń jẹ́ L-PRF ni ìyípo 2700 ní ìṣẹ́jú kan, fún ìṣẹ́jú 12. Fún ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, wọ́n máa ń sún un dé ìṣẹ́jú 18. A-PRF+, irú mìíràn, ń lo 1300 fún ìṣẹ́jú 8. Èyí tó máa ń ṣàn, i-PRF, ń lo 700 fún ìṣẹ́jú 3 nínú túùbù ike lásán, kò sì ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 sí 15 lọ kí òun náà tó dì.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú: wọ́n á da nọ́ńbà ìyípo kọ láti inú ìwé, wọn kò ní wo ẹ̀rọ tiwọn. Kì í ṣe iye ìyípo ló ń ya ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀, agbára tó ń tì í ni. Agbára yẹn, g, jẹ́ 0.00001118 tí a fi gígùn láti àárín ẹ̀rọ dé ìdí túùbù, ní sẹ̀ńtímítà, sọ di púpọ̀, tí a sì tún fi iye ìyípo sọ ọ́ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nínú ẹ̀rọ tí gígùn yẹn jẹ́ sẹ̀ńtímítà 8, ìyípo 2700 ń fún wa ní nǹkan bí 652 g. Nínú èyí tó jẹ́ sẹ̀ńtímítà 11, ìyípo kan náà á di 897 g. Agbára tó pọ̀ jù ń ti àwọn sẹ́ẹ̀lì lọ sísàlẹ̀, ohun tó sì kù nínú dídì náà á jẹ́ fibrin tó dára lójú, tí kò ní òṣìṣẹ́ nínú.

Bí ẹ̀rọ bá dúró, ìpele mẹ́ta lẹ ó rí: omi aláwọ̀ ìyeyè lókè, dídì fibrin láàárín, ẹ̀jẹ̀ pupa nísàlẹ̀. Ẹ fi irin ìmúǹkan fa dídì náà jáde, kí ẹ sì fi ẹ̀yìn irin họ ẹ̀jẹ̀ pupa kúrò lára rẹ̀. Ẹ má họ ọ́ tán. Ẹ fi pupa tín-ín-rín bíi mílímítà kan sílẹ̀, torí ẹnu ààlà funfun àti pupa yẹn ni platelet àti sẹ́ẹ̀lì funfun pọ̀ sí jù. Kí ẹ wá gbé e sínú àpótí rẹ̀, kí ìdérí fúnra rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 5 títí yóò fi di awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ má fi gọ́ọ̀sì fún un bí aṣọ, omi tó ń jáde lára rẹ̀ ní èròjà nínú. Omi náà la fi ń rin lúbúlúbú egungun. Bí ẹ bá ní awọ mẹ́ta, ẹ yí orí wọn padà síra, kí ìhà tó ní sẹ́ẹ̀lì púpọ̀ má bàa kóra jọ sójú kan.

Fún ihò nídìí eyín, ẹ gé awọ náà wẹ́wẹ́, ẹ pò ó mọ́ lúbúlúbú egungun, kí ẹ da i-PRF lé e. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ á lẹ̀ mọ́ra, á sì ṣeé gé bí ẹ̀kọ tútù. Àléébù PRF kò pamọ́: láàárín nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 14 ló ti yọ́ tán, kò lè gbé erìgì ró nínú ihò tó fẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé iye èròjà báyìí ló wà nínú túùbù tòní. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ara kì í kọ̀ ọ́, owó tó ń ná ni kò pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn yòókù, erìgì sì máa ń tètè jinná lórí rẹ̀.

## EMD: jẹ́ẹ̀lì inú síríńjì

Kí a má purọ́, EMD kì í ṣe èròjà ìdàgbàsókè ní tòótọ́. Amelogenin ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, purotéènì tí wọ́n ń yọ lára eyín ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tí kò tíì yọ jáde. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń bo gbòǹgbò bíi ti ìgbà tí eyín ń dá, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó bá kàn án á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú èròjà tiwọn jáde. A kò lè fi í sílẹ̀ nínú ìfiwéra yìí, torí òun làwọn yòókù sábà máa ń bá díje. Mílígíráàmù 30 ló wà nínú mílílítà kan.

Ojú gbòǹgbò ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Lẹ́yìn tí okúta eyín bá ti kúrò pátápátá, a ó fi jẹ́ẹ̀lì EDTA 24% tí kì í ṣe kíkan pa gbòǹgbò náà fún ìṣẹ́jú 2, kó yọ eruku tí irin fi sílẹ̀. A ó fi omi iyọ̀ ṣàn án dáadáa. Ohun tó máa ń bàjẹ́ ni ìṣẹ́jú tó tẹ̀ lé e: bí ẹ̀jẹ̀ tàbí itọ́ bá kọ́kọ́ kan gbòǹgbò kí jẹ́ẹ̀lì tó kàn án, purotéènì ẹ̀jẹ̀ ló máa gba ibẹ̀, amelogenin kò sì ní lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa. Nítorí náà, kí okùn ìránpọ̀ ti wà ní sẹpẹ́, kí ẹ̀jẹ̀ ti dá, kí ẹ tó ṣí síríńjì. Láti ìsàlẹ̀ ihò ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa bọ̀ wá sókè. Bó bá ṣàn jáde díẹ̀ nígbà tí ẹ ń rán erìgì, kò sí wàhálà.

Nínú ihò tó há, òun nìkan tó. Nínú ihò tó ṣí gbàgà, erìgì á wó lé e lórí; ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ẹ pò ó mọ́ lúbúlúbú egungun níbẹ̀. Kí aláìsàn sì mọ̀ pé ara ẹlẹ́dẹ̀ ló ti wá kí ọjọ́ iṣẹ́ tó pé. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kọ̀ ọ́ ní ẹ̀tọ́ láti yan òmíràn.

## PDGF àti FGF-2: èyí tí wọ́n wọ̀n sínú ìgò

rhPDGF-BB ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí ní 2005 fún ihò nídìí eyín. Mílígíráàmù 0.3 ló wà nínú mílílítà kan, wọ́n sì ń tà á pọ̀ mọ́ lúbúlúbú β-TCP, èyí tí wọ́n fi calcium àti phosphate ṣe. Inú fíríìjì ni ibùgbé rẹ̀, ìwọ̀n 2 sí 8 lórí Celsius, kò sì gbọ́dọ̀ di yìnyín. Ẹ da omi náà lé lúbúlúbú náà, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ wá fi í sínú ihò láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gbọnyin. Lúbúlúbú tí a kì bí ẹni ń ki àpò kò ní àyè tí iṣan ẹ̀jẹ̀ máa gbà wọlé. Ẹ má sì jẹ́ kó ga ju ògiri ihò lọ. Èyí tó yọ sókè ló máa ń ti erìgì ṣí.

Ìwádìí tí wọ́n fi gbà á wọlé kó èèyàn 180. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, egungun ti ga ní mílímítà 2.6 lára àwọn tó gbà á, nígbà tó jẹ́ 0.9 lára àwọn tí wọ́n fún ní β-TCP lásán. Ihò sì ti dí dé 57% lẹ́gbẹ̀ẹ́ 18%. Nọ́ńbà yẹn lágbára, òun ló sì jẹ́ ká mọ̀ pé èròjà náà ló ṣiṣẹ́, kì í ṣe lúbúlúbú.

FGF-2, tí orúkọ oògùn rẹ̀ ń jẹ́ trafermin, gba ìwé àṣẹ ní Japan ní 2016. Jẹ́ẹ̀lì 0.3% ni, bó sì ṣe ń ṣiṣẹ́ kò jìnnà sí ti PDGF. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n fi í wé EMD, egungun ga ní nǹkan bí mílímítà 1.9 lọ́dọ̀ rẹ̀ àti 1.4 lọ́dọ̀ EMD. Ìyàtọ̀ náà kò tó mílímítà kan. Ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ lè mú ju ìyẹn wá, tàbí kó gbé e sọ nù. Ẹni tó ní jẹjẹrẹ ẹnu tàbí tó ti ní in rí kò gbọ́dọ̀ gba trafermin: ohun tó ń mú sẹ́ẹ̀lì pọ̀ kì í béèrè bóyá sẹ́ẹ̀lì rere ni. Irú ìkìlọ̀ yẹn wà fún PDGF náà.

## BMP-2: akọ́lé egungun tí kò mọ eyín

Marshall Urist, oníṣẹ́ abẹ egungun, ló rí i ní 1965 pé ohun kan wà nínú egungun tó lè mú egungun mìíràn hù nínú ẹran lásán. BMP-2 wà lára àwọn èròjà náà. FDA fọwọ́ sí rhBMP-2 fún ẹnu ní 2007, fún ihò eyín tí wọ́n ti yọ àti fún gbígbé ìsàlẹ̀ ihò afẹ́fẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ sókè kí wọ́n tó gbin implant (gbòǹgbò eyín àtọwọ́dá). Mílígíráàmù 1.5 nínú mílílítà kan ni, ìlọ́po márùn-ún ti PDGF. Kànìnkànìn kólájìn màlúù ni wọ́n ń rin ín sí. Kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán kó tó wọ ẹnu, kó má sì kọjá wákàtí 2. Ẹni tó bá fún kànìnkànìn náà kó lè wọ ihò kékeré ti fún oògùn rẹ̀ dà nù.

Kí aláìsàn máa retí wíwú, wíwú gidi, tó lè ga sí i ní ọjọ́ kejì sí ìkẹta. Ìdí tí a kò fi ń lò ó lẹ́bàá gbòǹgbò tó wà láàyè wọ́pọ̀ nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe lára ẹranko: egungun hù débi pé ó lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò, okùn àárín wọn parẹ́, ara sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ gbòǹgbò náà. Lójú x-ray, á dà bí ẹni pé iṣẹ́ yọrí, eyín náà sì ti wà lójú ọ̀nà àtilọ.

## Bí a ṣe máa ń yàn án

Ihò tó há, ògiri mẹ́ta, mílímítà 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ: EMD nìkan. Bí aláìsàn kò bá fẹ́ ohun ẹlẹ́dẹ̀, PRF pẹ̀lú lúbúlúbú díẹ̀. Ihò tó fẹ̀, ògiri méjì, tàbí ibi tí gbòǹgbò ti pín: PDGF pẹ̀lú β-TCP níbi tó bá wà, bí kò bá sí, EMD tàbí PRF tí a pò mọ́ lúbúlúbú. Ihò eyín tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, tí ògiri rẹ̀ ṣì pé: PRF tó, ẹ má na owó BMP-2 síbẹ̀. Bí ògiri iwájú bá ti jẹ lọ tí a sì fẹ́ gbin implant, ìgbà yẹn ni BMP-2 wúlò. Níbi ògiri kan ṣoṣo, ẹ tún èrò yín pa kí ẹ tó mú ohunkóhun.

Kò sí èyí tó máa ṣiṣẹ́ lẹ́nu tí a kò fọ̀. Bí erìgì bá ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀ ní ibi tó ju ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí ìdá kan nínú márùn-ún lọ nínú gbogbo ibi tí a wọ̀n, ẹ dá iṣẹ́ abẹ dúró. Ẹni tó ń mu ju sìgá 10 lọ lóòjọ́ àti ẹni tí àtọ̀gbẹ rẹ̀ kò sí níjàánu, èsì tiwọn máa ń kéré. Bí inú eyín bá ti kú, ẹ tọ́jú gbòǹgbò rẹ̀ kọ́kọ́. Bí eyín bá ń mì, ẹ so ó mọ́ àwọn aládùúgbò rẹ̀ ṣáájú, torí ẹ̀jẹ̀ tó dì kò lè di ohunkóhun lórí gbòǹgbò tí kò dúró sójú kan.

Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì kan ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Chlorhexidine 0.12% tàbí 0.2% lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni kí ẹ fi máa yọnu; ó ń sọ eyín di aláwọ̀ pákó, àmọ́ ó ṣeé fọ̀ kúrò. Okùn ìránpọ̀ máa ń kúrò ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì. Ìṣòro tó wọ́pọ̀ jù ni kí erìgì là ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, pàápàá ibi tí wọ́n ti fà á ju bó ṣe yẹ lọ láti bo lúbúlúbú. Bí lúbúlúbú bá ń jáde bí iyọ̀ sórí ahọ́n, ẹ padà lọ lọ́jọ́ náà.

Kí ẹnikẹ́ni má fi irin wọn jíjìn ibẹ̀ kí oṣù mẹ́fà tó pé. Fún x-ray, ẹ jẹ́ kí wọ́n ya ọ̀kan ní ọjọ́ iṣẹ́ gan-an, kí wọ́n sì fi igun kan náà ya ti oṣù mẹ́fà àti ti ọdún kan. β-TCP àti lúbúlúbú egungun máa ń funfun lójú x-ray láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹni tí kò bá ní àwòrán ọjọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ lè wo lúbúlúbú tí ara kò tíì fọwọ́ kàn, kó sì pè é ní egungun tuntun.